Òkè kì í dédé ya: ohun tí mo kọ́ ní Regent, àti ìdí tó fi yẹ kí ẹ lọ wo ẹ̀yìn ilé yín

1. Ẹ̀yin tèmi, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ wá nǹkan jókòó lé. Gbólóhùn kan ni mo fẹ́ bá jà lónìí: "Àmúwá Ọlọ́run ni." Kì í ṣe pé mi ò gba Ọlọ́run gbọ́ o. Àmọ́ bí òkè bá ya, tó bo ilé mọ́ èèyàn lórí, gbólóhùn yẹn la kọ́kọ́ máa ń sọ, òun náà la sì fi ń kásẹ̀ ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Tá a bá ti sọ ọ́ tán, kò sẹ́ni tó ń béèrè mọ́ pé ta ló gbẹ́ ìdí òkè, ta ló gé igi, ta ló ta ilẹ̀, ta ló fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Àwọn ìbéèrè yẹn gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn.

2. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀lé mi: ọmọ Imeri ni mí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ose, Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Mo ti gboyè, mo ti sìnlẹ̀ bàbá mi, fídíò ni mo ń ṣe jẹun báyìí. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta mẹ́ta gbà kí n tẹ̀lé àwọn lọ sí Freetown, ní Sierra Leone, kí n máa bá wọn ya fídíò. Ọmọ Nàìjíríà ni ọ̀kan, ọmọ ibẹ̀ ni méjì yòókù. Ibi tí òkè ti ya ní Regent ni wọ́n fẹ́ lọ wò.

3. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ti gbàgbé. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2017 ni. Òjò ti ń rọ̀ bọ̀ láti òru. Ní nǹkan bí aago méje àárọ̀ ku díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òkè Sugar Loaf já wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì dìde lórí ibùsùn. Ẹrẹ̀, òkúta ńlá, igi àti páànù ilé dà sínú odò Babadori, omi sì gbé gbogbo rẹ̀ gba àárín àdúgbò kọjá títí dé ìhà Lumley létí òkun. Èèyàn 1,141 ni wọ́n kà mọ́ àwọn tó kú àti àwọn tí a ò rí mọ́. Nǹkan bí 3,000 èèyàn ló di aláìnílé.

4. Ààrẹ ìgbà náà, Ernest Bai Koroma, ní kí gbogbo ìlú ṣọ̀fọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Waterloo, ní ẹ̀yìn odi ìlú, ni wọ́n sin ọ̀pọ̀ nínú wọn sí, nítòsí ibi tí wọ́n sin àwọn tí Ebola pa sí. Ẹ wò ó, ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ojú nù kúrò nínú Ebola ni o.

5. Ẹni tó bá sì ń sọ pé "kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ Sierra Leone", ẹ jọ̀ọ́, ó kàn wá. Regent wà lára àwọn abúlé tí wọ́n tẹ̀ dó fún àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. 1812 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àìmọye ọmọ Yorùbá ló bọ́ sí Freetown lọ́nà yẹn. Àjàyí Crowther náà gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1822. Torí pé "ẹ kú, ẹ kú" ò kúrò lẹ́nu wọn ni wọ́n ṣe ń pè wọ́n ní Aku. Títí dòní, bí àwọn Krio bá fẹ́ ṣe ìnáwó, ashobi ni wọ́n ń wọ̀, oúnjẹ tí wọ́n ń sè láti fi rántí òkú, awujoh ni wọ́n ń pè é. Mo gbọ́ awujoh yẹn, ara mi bù máṣọ.

6. Ká padà sórí òkè. Nígbà tá a dé ibẹ̀, òkè ni èmi kọ́kọ́ gbé fóònù sí. Àpá náà ṣì hàn, bí ìgbà tí ẹnì kan fi ọwọ́ há ẹ̀gbẹ́ òkè látòkè délẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tá a jọ ti Nàìjíríà lọ ò tiẹ̀ wo òkè. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu ìyẹ̀pẹ̀ sọ́wọ́, ó fún un, ó wá ní kí n ya fídíò ọwọ́ òun. Ó ní òkè tó ya kò lè sọ fún mi ìdí tó fi ya, àmọ́ ìyẹ̀pẹ̀ ọwọ́ òun lè sọ ọ́.

7. Bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ rèé, mo kàn fi gàrí rọ́pò àwọn gírámà ẹ̀. Ẹ da gàrí gbígbẹ sínú àwo. Á ga, á rí ṣóńṣó, bí ti àwọn tó ń tà á lọ́jà. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, á tún dì mọ́ra jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ wá da omi púpọ̀ sí i. Kò ní dúró mọ́, á ṣàn. Gàrí kan náà, àwo kan náà, omi ló yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyẹ̀pẹ̀ tó wà lára òkè. Bí òjò bá pọ̀ lápọ̀jù, omi á gba àyè tó wà láàárín hóró ìyẹ̀pẹ̀, á máa tì wọ́n kúrò lára ara wọn, ìyẹ̀pẹ̀ náà á tún wúwo sí i. Wíwúwo ń fà á wálẹ̀, ohun tó sì dì í mú tẹ́lẹ̀ ti ń tú.

8. Lábẹ́ ìyẹ̀pẹ̀ yẹn, àpáta ló wà. Omi kì í tètè wọnú àpáta, orí ẹ̀ ló ti máa ń wá ọ̀nà lọ. Torí náà, níbi tí ìyẹ̀pẹ̀ àti àpáta ti pàdé, ilẹ̀ á máa yọ̀ bí ilẹ̀ balùwẹ̀ tí ọṣẹ dà sí. Ìyẹ̀pẹ̀ tó nípọn, tó ti mumi yó, tó jókòó lórí àpáta tó dagun: ẹni tó bá kọ́lé sórí ìyẹn dà bí ẹni tó gbé mọ́tò sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láìfa bíréèkì.

9. Kí ni bíréèkì òkè? Méjì ni wọ́n kà fún mi. Èkínní, gbòǹgbò igi. Gbòǹgbò ló ń rán ìyẹ̀pẹ̀ pọ̀ bí òwú. Bí ẹ bá gé igi lónìí, òkè lè má ya lónìí, torí gbòǹgbò ò tíì jẹrà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ tó bá jẹrà tán, òwú já nìyẹn. Ẹni tó gé igi ti lè gbàgbé pé òun gé e. Èkejì ni ìdí òkè. Ìdí òkè ló ń gbé òkè dúró, bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbé ara. Ẹni tó bá ń gbẹ́ ibẹ̀ láti wá àyè ilé, ẹsẹ̀ òkè ló ń gé.

10. Ní Freetown, gbogbo ẹ̀ pàdé lẹ́ẹ̀kan náà. Igbó orí òkè ti ń lọ díẹ̀díẹ̀ fún igi ìdáná, èédú àti ilé. Wọ́n ti gé ẹ̀gbẹ́ òkè láti fi ṣe ojú ilé. Òjò wá dé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje sí ọjọ́ tí òkè ya, òjò tó rọ̀ ní Freetown lé ní 1,000 mìlímítà, nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ohun tó máa ń rọ̀ nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Òjò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré nìyẹn, ó sì ju ìdajì ohun tí agbègbè Ọ̀wọ̀ wa ń rí lọ́dún kan gbáko.

11. Àwọn àgbà ní òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Òótọ́ ni. Àmọ́ ta ni eji máa ń rí jù? Ẹni tí kò ní ibòmíì tó lè sá sí ni. Ogun tó jà ní Sierra Leone láti 1991 sí 2002 lé èèyàn rẹpẹtẹ wá sí Freetown. Òkun wà níwájú, òkè wà lẹ́yìn, ilẹ̀ tó tẹ́jú ti wọ́n ju agbára wọn lọ. Ibo ni kí wọ́n lọ? Nítorí náà, ẹ má bá mi sọ pé "wọn ò gbọ́n." Ẹni tó fi gbogbo owó ọwọ́ ẹ̀ ra ilẹ̀ tí wọ́n tà fún un ò gọ̀. Ẹni tó mọ̀ pé ilẹ̀ náà ò dáa, tó tún tà á, òun ni kí ẹ bá wí.

12. Mo bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé ṣé òkè máa ń kìlọ̀ kó tó ya. Wọ́n ní ó máa ń kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, a kì í gbọ́ èdè ẹ̀ ni. Ẹ fi apá ibí yìí pa mọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé:

Bí ilẹ̀ bá lanu lókè ilé yín, tí ìlà gígùn kan là á kọjá, pàápàá tí apá ìsàlẹ̀ bá rẹlẹ̀ ju apá òkè lọ.
Bí igi, òpó iná tàbí ọgbà tó dúró ṣánṣán tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dagun.
Bí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó ń tì dáadáa bá ṣàdédé há, tí ògiri tuntun sì ń sán.
Bí omi bá ń sun jáde níbi tí kò ti sun rí, tàbí tí omi ìsun tó mọ́ lóló bá di ẹrẹ̀.
Bí odò bá dín kù lójijì nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀. Èyí ló burú jù. Ó lè jẹ́ pé nǹkan ti dí i lókè. Ẹ má dúró kó ẹrù.

13. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ilẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu tí ilẹ̀ là yẹn ni òjò ń gbà wọlé. Torí náà, bí ẹ bá rí i, ẹ fi ìyẹ̀pẹ̀ alámọ̀ dí i kí omi má baà máa wọ̀ ọ́, ẹ darí omi òjò gba ibòmíì, ẹ sì ké sí ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ láìdá, tí ẹ tún rí àmì méjì tàbí mẹ́ta nínú àwọn tí mo kà yìí, ẹ jáde kúrò nílé náà. Ilé ṣeé tún kọ́.

14. Ohun kan tún wà. Ní Gofa, lórílẹ̀-èdè Ethiopia, oṣù Keje ọdún 2024, òkè ya, àwọn ará àdúgbò sáré wá gbẹ́ èèyàn jáde, òkè tún ya lẹ́ẹ̀kejì, ó bo àwọn tó wá ṣàánú. Òkú lé ní 200. Mo mọ̀ pé tiwa ni ká sáré lọ bí a bá gbọ́ igbe. Àánú dáa. Àmọ́ kí ẹnì kan máa ṣọ́ òkè, kó máa wo òkè nìkan, kó lè pariwo bó bá tún mì.

15. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí "àmúwá Ọlọ́run." Ní Aberfan, ní Wales, ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 1966, òkìtì ìdọ̀tí iléeṣẹ́ èédú tí wọ́n kó jọ sórí òkè ya wá sórí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èèyàn 144 ló kú, 116 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Orí omi ìsun ni wọ́n kó ìdọ̀tí yẹn lé. Àwọn ará ìlú ti kọ lẹ́tà kìlọ̀ ṣáájú. Nígbà tí wọ́n ń ka orúkọ àwọn ọmọ tó kú níwájú ẹni tó ń ṣèwádìí ikú wọn, bàbá kan dìde, ó kọ̀ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ òun sé lémìí kú. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ iléeṣẹ́ èédú ìjọba sílẹ̀ pé àwọn ló sin ọmọ òun láàyè.

16. Bàbá yẹn ò bá Ọlọ́run jà. Orúkọ ẹni tó kó òkìtì ló ń béèrè. Ìgbìmọ̀ tó ṣèwádìí sì sọ ọ́ gbangba lọ́dún 1967 pé iléeṣẹ́ náà, National Coal Board, ló jẹ̀bi. Lọ́dún 1969 wọ́n ṣòfin tuntun lórí irú òkìtì bẹ́ẹ̀. Ẹ rí i? Ìgbà tí wọ́n mọ ẹni tó fà á ni òfin tó lè gba ọmọ ẹlòmíì là jáde. Ká ní wọ́n pè é ní àmúwá ni, wọn ì bá sin òkú, kí wọ́n gbàdúrà, kí oníkálukú sì máa lọ sílé ẹ̀.

17. Ẹlòmíì á ní "òyìnbó nìyẹn." Ó dáa, ẹ wo Hong Kong. Òkè ni wọ́n ń gbé, òjò wọn pọ̀ bí nǹkan míì, èèyàn fún mọ́ra bí ẹ̀wà inú àpò. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1972, òkè ya níbi méjì lọ́jọ́ kan náà, èèyàn 138 kú. Lọ́dún 1976, òmíràn tún ya ní Sau Mau Ping, níbi kan náà tó ti ṣẹlẹ̀ rí. Lọ́dún 1977, wọ́n dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ ẹ̀ kò ju kí wọ́n máa ṣọ́ òkè. Lónìí, nǹkan bí 60,000 gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí èèyàn gbẹ́ tàbí mọ ló wà nínú ìwé wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiẹ̀, a sì mọ ẹni tó gbọ́dọ̀ máa tọ́jú ẹ̀. Bí òjò bá pọ̀, rédíò á kìlọ̀. Òkè ò yéé ya níbẹ̀, àmọ́ ikú ti dín kù gan-an.

18. Òkè kan náà, òjò kan náà. Ohun tó yí padà ni pé ẹnì kan wà tí wọ́n lè bi léèrè.

19. Ní tiwa ńkọ́? Lẹ́yìn ilé wa ní Imeri, òkè kan wà. Èmi àtàwọn ọmọ ilé wa ò sinmi lórí ẹ̀ nígbà tá a wà ní kékeré. Báyìí, tipper ló ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀, wọ́n ń kó ilẹ̀ pupa ìdí ẹ̀ lọ tà fún àwọn tó ń kọ́lé. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Kékeré, ti gé ẹ̀gbẹ́ òkè náà sí pílọ́ọ̀tì. Ọ̀kan lára àwọn tó ti san àsansílẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ka sẹ́kọ́ńdírì. Ìyá ẹ̀ ló fẹ́ kọ́lé náà fún. Gbogbo owó ọdún mẹ́rin tó fi ń ránṣọ ló wà níbẹ̀.

20. Mo lọ bá Dádì Kékeré. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo fi fídíò Regent hàn wọ́n. Wọ́n wò ó dópin, wọ́n mi orí, wọ́n ní "Ọmọ mi, ó mà ṣe o. Àmọ́ láti ìgbà bàbá bàbá mi, òkè tiwa yìí ò mì rí." Mo ní "Ẹ ṣeun, Dádì. Ṣé tipper wà nígbà bàbá bàbá yín?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní òyìnbó ti pọ̀ jù lórí mi. Wọ́n wá ní kí n jẹ́ káwọn ronú sí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró nìyẹn.

21. Èmi ò bínú sí wọn. Ìbéèrè wọn bọ́gbọ́n mu, ó sì yẹ ká dáhùn ẹ̀. Òkè tí kò ya fún igba ọdún kì í ṣe òkè tí kò lè ya. Ohun tó gbé e dúró fún igba ọdún náà ni igi orí ẹ̀ àti ìdí ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbẹ́. Bí a bá mú méjèèjì kúrò, kì í ṣe òkè ti bàbá bàbá wa mọ́. Òkè tuntun ni, a ò sì mọ ìwà ẹ̀.

22. Àwọn kan tún máa ń fi Ìdànrè dá mi lóhùn: "Ṣebí orí òkè làwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ló ṣe wọ́n?" Mo béèrè èyí náà. Ẹ̀gbọ́n ní àpáta gidi ni Ìdànrè, òkúta kan ràgàjì tí kò ní ìyẹ̀pẹ̀ púpọ̀ lára. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó jókòó lórí àpáta àti ẹni tó jókòó lórí ìyẹ̀pẹ̀ tó jókòó lórí àpáta. Òkè méjì lè jọra lójú, kí inú wọn má jọra. Ìdí nìyẹn tí ojú lásán ò fi tó, tó fi yẹ ká pe ẹni tó mọ inú ilẹ̀.

23. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi yé o: mi ò sọ pé òkè Imeri máa ya lọ́la. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín láìyẹ ilẹ̀ wò, ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí i. Òjò Freetown ju tiwa lọ fíìfíì, òkè wọn náà sì ga. Ohun tí mò ń sọ ni pé a ò mọ̀, ó sì ṣeé mọ̀. Ẹni tó bá ń ta ilẹ̀ tó ṣeé yẹ̀ wò láìyẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀mí ẹni ẹlẹ́ni ló fi ń ta ayò.

24. Àwọn onímọ̀ àpáta náà, ẹ gba tiyín. Ìwádìí yín pọ̀, mo mọ̀. Àmọ́ inú láíbìrì ló wà, Gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀ le ju òkúta lọ. Ìyá tó ń ta bọ̀ọ̀lì nísàlẹ̀ òkè ò lè ka "slope failure". Ẹ sọ fún un pé òkè fẹ́ ya, àmì ẹ̀ rèé, ibi tó yẹ kó sá sí rèé. Ẹ sọ ọ́ lédè tó ń sọ nílé. Bí ẹ ò bá ráyè, ẹ pe àwa tá à ń ṣe fídíò. Fóònù wa wà, dátà wa wà, ọ̀rọ̀ ijó nìkan kọ́ la lè fi í ṣe.

25. Wọ́n á ní owó onímọ̀ àpáta wọ́n. Ó lè wọ́n bó bá jẹ́ ilé kan ṣoṣo. Àmọ́ ìlú kan lódindi ńkọ́? Yunifásítì tó ń kọ́ni nípa ilẹ̀ àti àpáta wà ní Àkúrẹ́, òmíràn wà ní Àkùngbá Àkókó nítòsí wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn gbọ́dọ̀ jáde lọ wo ilẹ̀ kí wọ́n tó gboyè. Kí ló dé tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ò lè kọ lẹ́tà pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó wọn wá sọ́dọ̀ wa, a ó wá ibi tí wọ́n máa sùn, a ó sì sebẹ̀? Owó tá a fi ń ra aṣọ ẹgbẹ́ fún ayẹyẹ kan péré lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

26. Mo ní ohun mẹ́ta tí mo ń bẹ̀ yín fún, ẹ̀yin ọmọ Imeri, Idoani, Idogun, Ọ̀wọ̀ àti gbogbo ibi tí òkè bá wà.

Kìíní: kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ ìdí òkè tí ilé wà lórí tàbí lábẹ́ ẹ̀ mọ́, títí tí ẹni tó mọ̀ á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ilẹ̀ pupa wà níbòmíì.

Kejì: bí wọ́n bá fẹ́ ta ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òkè fún yín, ẹ béèrè ìbéèrè kan kí ẹ tó sanwó: "Ta ló yẹ ilẹ̀ yìí wò, kí ló kọ?" Ẹ ò ní í bú ẹnikẹ́ni. Béèyàn bá fẹ́ ra mọ́tò, ṣebí ó máa ń mú mẹkáníìkì dání.

Kẹta: ẹ gbin igi padà. Freetown náà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2020, olórí ìlú náà, Yvonne Aki-Sawyerr, bẹ̀rẹ̀ ètò láti gbin mílíọ̀nù kan igi. Wọn ò kàn gbìn ín kí wọ́n ya fọ́tò lọ. Wọ́n ń sanwó fún àwọn ará àdúgbò láti máa tọ́jú igi náà, wọ́n sì ń fi fóònù tọpa wọn. Iṣẹ́ ọ̀dọ́ nìyẹn. Àwa náà lè ṣe é.

27. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwọn 1,141 yẹn ò mọ̀ pé àwọn ń kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sùn ni. Ohun tó kù tá a lè ṣe fún wọn ni pé kí ẹ̀kọ́ náà má ṣòfò.

28. Ọ̀rẹ́ mi ti ka gbogbo èyí kí n tó gbé e síta. Ó ti pe Dádì Kékeré pé kí wọ́n fún òun níwèé ẹni tó yẹ ilẹ̀ wò, tàbí kí wọ́n dá owó òun padà. Inú ilé wa gbóná díẹ̀ lọ́wọ́ báyìí, àmọ́ kò burú. Ariwo inú ilé sàn ju igbe lábẹ́ ẹrẹ̀ lọ.

29. Òjò ọdún yìí ò ní pẹ́ wọlé. Bẹ́ ẹ bá ní òkè lẹ́yìn ilé, ẹ lọ wò ó lọ́la, ní ojúmọmọ. Ẹ wo ilẹ̀, ẹ wo igi, ẹ wo ògiri. Bí ẹ bá rí àmì kan nínú àwọn tó wà ní nọ́ńbà 12, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, màá fi han àwọn ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi pín in, pàápàá sórí WhatsApp ẹbí, torí àwọn tó ń ta ilẹ̀ ò sí níbí.